Fitamíìnì Ọ̀sán àti Ẹ̀wù Iṣẹ́ Mi

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Ìsọ̀ mi wà ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ilé wa kò sì jìnnà síbẹ̀, nítorí náà mo máa ń wálé jẹun lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á ti dé láti ilé-ìwé ṣáájú mi. Bó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù mi, á jáde, á kúnlẹ̀ kí mi, á sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀wù iṣẹ́ mi ló ń dúró dè. Á gbà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á gbọ̀n ọ́n títí eruku pákó á fi tán lára rẹ̀, á sì fi í kọ́ sórí okùn títí n óo fi padà síbi iṣẹ́. Bí èmi náà ṣe ń gba ẹ̀wù bàbá mi nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́, orí mi a sì wú.

Bó bá ti gbọn ẹ̀wù tán, á sín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, á sì wá bá mi nídìí tábìlì. Fitamíìnì ló kàn. Èmi fúnra mi ni mo ń fún un, n kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Mo ní oníhóró ńlá tí a ń jù sómi tí á máa hó yaa, mo ní òróró ẹja tó wà nínú hóró rọ̀bọ̀tọ̀ kan, mo sì ní ìyẹ̀fun ewé mọ̀ríńgà tí à ń bù sọ́bẹ̀. Mo máa ń dúró tì í títí á fi gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ikọ́ fée ló ń ṣe é. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún wa ní pọ́ńpù méjì tí a ń fi sẹ́nu fà: èyí aláwọ̀ búlúù fún ìgbà tí èémí bá há, àti èyí aláwọ̀ obì tí ó gbọ́dọ̀ máa fà lójoojúmọ́ bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. N kò fẹ́ràn aláwọ̀ obì yẹn rárá. Kí ló dé tí ọmọ tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é á máa fa oògùn láràárọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé á mọ́ ọn lára, tí kò fi ní í lè mí mọ́ láìsí i.

Ìgbà tó wá lọ lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní Akpro-Missérété, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ewé tútù ló ń jẹ níbẹ̀, ìbẹ́pẹ, ẹyin adìẹ ilé, ọbẹ̀ tí epo pupa gbà dáadáa. Ó délé, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ tún dé. Láàárín ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí àìtó fitamíìnì lọ́wọ́ nínú ikọ́ fée àti àwọn nǹkan tí ara kì í gbà. Ohun tó sọ kò jù báyẹn lọ. Èmi ni mo bá a parí rẹ̀: ọmọ tí fitamíìnì bá ti tó lára rẹ̀ kò ní í wúkọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìyàwó mi, tó ń ta ìwé àti kálàmù ọmọ ilé-ìwé lọ́jà Ouando, kò gbà. Ó ní dókítà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fúnra wa dá pọ́ńpù aláwọ̀ obì dúró. Mo bi í léèrè bóyá pọ́ńpù ni ìyá rẹ̀ fi ń bọ́ ọmọ ní Akpro-Missérété. Mo pariwo dé ibi tí àwọn alábàágbé fi yọjú. Nígbà tí mo bá ti ń bínú báyẹn, n kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ, ìyàwó mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá fi mí sílẹ̀ wọlé lọ. Mo gbé pọ́ńpù aláwọ̀ obì náà pamọ́ sókè àpótí aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, mo sì ń fi í fọ́nnu. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Mo fi kún fitamíìnì. Pọ́ńpù búlúù tán, ìyàwó mi ní kí n yà ní fàmasí kí n bá wọn mú òmíràn wá. Mo yà níbẹ̀ lóòótọ́, fitamíìnì ni mo mú bọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀kùn ìrókò ni mò ń ṣe. Ìrókò gbígbẹ ni, eruku rẹ̀ ń ta èmi pàápàá nímú. Mo délé lọ́sàn-án, ọmọ mi kúnlẹ̀, ó kí mi, mo sì gbọ́ pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Mo gbé ẹ̀wù lé e lọ́wọ́. Mo jókòó, mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n ọ́n lẹ́yìnkùlé, pà, pà, pà, ó sì dáwọ́ dúró. Ó yá jù. Mo ti lanu láti béèrè ìdí tí kò fi gbọ̀n ọ́n tán.

Mo bá dìde, mo lọ wò ó. Ó fara ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ̀wù mi wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fée, fée ni àyà rẹ̀ ń dún.

Ohun tí mo ṣe nìyí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́: mo sáré lọ ju fitamíìnì sómi. Mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ó ń mi orí. Kò rí àyè pa ẹnu dé kó fi gbé omi mì. Mo wá pọ́ńpù búlúù rí, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Màmá àgbà tó ń gbé yàrá kejì wa jáde síta. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Gbé alùpùpù ẹ."

Mo fa ẹ̀wù mi nílẹ̀, mo wọ̀ ọ́. A fi ọmọ sí àárín, màmá náà gbá a mú látẹ̀yìn. Mo ní kó gbé orí lé mi lẹ́yìn kó sinmi, ó sì ṣe bí mo ti wí. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ gba inú ẹ̀wù kàn mí lára, kúkúrú, kúkúrú. Ní oríta kan, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo pè é, kò dáhùn. Màmá náà ní kí n má wẹ̀yìn, kí n ṣáà máa lọ. N kò tíì bẹ̀rù báyẹn rí láyé mi.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú àti ẹnu, oògùn ń rú bí ìkùukùu nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kí èjìká rẹ̀ tó rọlẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin tí mo dàgbà jù, ọmọ ẹ̀yà Gun tó gbọ́ Yorùbá, fi òwú funfun nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ó sì gbé òwú náà wá bá mi. Ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún un. Ó béèrè oògùn tí ọmọ ń lò, mo ro gbogbo ẹjọ́ fitamíìnì mi fún un. Mo rò pé á jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn fún mi.

Ó ní, "Fitamíìnì ò burú, bàbá. Bí kò bá tó lára ọmọ, ẹ fún un. Wọ́n ṣì ń wádìí ohun tó lè ṣe sí ikọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò pọ́ńpù, kò sì lè gbá eruku kúrò láyà ọmọ." Ó tún wo òwú náà. "Ta ló ń tọ́jú ẹ̀wù iṣẹ́ yín nílé?"

Ẹnu mi ti fẹ́ fi ọmọ mi yangàn kí n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní, "Òun ni."

Ibẹ̀ ni Akpro-Missérété ti yé mi. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀wù gbẹ́nàgbẹ́nà lé e lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ó dé láti ọjà, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì lọ jókòó. Ọwọ́ ọmọ ló dì mú, kò sì wo ojú mi. Mo bọ́ sí ìta, mo bọ́ ẹ̀wù náà, mo sì dúró níbẹ̀ ní ìhòòhò àyà, àwọn èèyàn ń wò mí.

Pọ́ńpù méjèèjì ti padà sórí tábìlì wa báyìí. Ní ìsọ̀, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó wálé. Lọ́jọ́ kìíní tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi gbọ́ alùpùpù, ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́. Mo ní kó dìde, pé kò sí ẹ̀wù lónìí. Kò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, "Pàpá, ṣé mi ò gbọ̀n ọ́n dáadáa ni?"

Mo ní ó gbọ̀n ọ́n dáadáa. Mo ní eruku rẹ̀ ló ń há a léèémí, èmi ni mo sì ń gbé e wá bá a, nítorí náà èmi ni n óo máa gbọ̀n ọ́n fúnra mi ní ìsọ̀. Ó dìde. Ó wá ní kí n má gbàgbé àpò òkè o, pé ibẹ̀ ni eruku máa ń pọ̀ sí jù, gbígbọ̀n nìkan kì í kó o tán. Ó ní òun máa ń tú u síta ni, òun á wá fi ẹnu fẹ́ ẹ.