Mílíìkì Rẹ̀mílẹ́kún

Aládé, ní Ìdànrè, ni a ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìdí àpáta kan tí oòrùn máa ń yan lọ́sàn-án, tí yóò sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ìdànrè, ẹ kò ní ṣàìrántí bí a ti máa ń jókòó lórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ó máa yọ̀ wálẹ̀ lórí àpáta títí ìdí pátá wa yóò fi lu. Bí àgbà ilé bá rí ihò náà, ẹgba ni. Nígbà kòkó, a máa ń lá omi dídùn ara èso rẹ̀ kí wọ́n tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, òórùn kíkan rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Títí di òní, n kò tíì rí lọ́fínńdà tí mo fẹ́ràn tó òórùn yẹn.

Igi ló wó pa bàbá wa lóko. Kò pẹ́ sí i, ìyá mi náà kú níbi tó ti ń bí àbúrò mi ọkùnrin. Ìyá tó bí ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sọ ọmọ náà ní Rẹ̀mílẹ́kún, nítorí pé ẹkún ti pọ̀ jù nílé wa.

Ọmú kò kọ́kọ́ wọ́n ọn. Ìyá Ràúfù, ìyàwó lébírà kan tó wá láti ọ̀nà Ìkìrun, ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ń fún Ràúfù tirẹ̀ ní ọmú ọ̀tún, ó ń fún àbúrò mi ní tòsì, ó sì ń pe àwọn méjèèjì ní ìbejì òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ká kòkó tán lóko, ọkọ rẹ̀ ní ó di ilé. Ó sunkún, àwa náà sunkún. Láti ọjọ́ náà, ògì ni à ń fún Rẹ̀mílẹ́kún mu, bó bá sì ti mu ún tán ni yóò pọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa gbàdúrà sí omi fún un. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, ojoojúmọ́ ló sì ń fúyẹ́ sí i lẹ́yìn mi.

Ní ọjọ́ kan, oníṣẹ́ káńsù lu agogo kiri pé mílíìkì ọ̀fẹ́ wà ní ilé ìtọ́jú kan ní Odode fún ọmọ-ọwọ́ tí kò ní ìyá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà ní kí n má lọ sílé ìwé. Ó fi kànìnkànìn bó ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń bó iṣu. Ó kun òrí, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì yọ aṣọ òfì kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀, èyí tí ìyá mi rà fún un kó tó kú. Mo bi í bóyá ìgbéyàwó là ń lọ. Ó ní ìjọba là ń lọ bá, pé ẹni tó bá wọ àkísà lọ bá ìjọba, ìjọba ló ń bú. Irínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ó ní. Kí n má purọ́, ó lẹ́wà lọ́jọ́ náà.

A fẹsẹ̀ rìn dé Odode. Bí a ti ń dúró kó kàn wá, mo ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé nígbà náà, mo ti wà ní kíláàsì kẹta, kò sì sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí n kì í kà, títí dórí páálí ọṣẹ. Ìwé náà sọ pé ọmọ-ọwọ́ èyíkéyìí tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ní ẹ̀tọ́ sí mílíìkì náà, ì báà jẹ́ ọmọ olówó, ì báà jẹ́ ọmọ tálákà. Ó ní ẹni tí wọ́n bá dá padà lè béèrè ìdí rẹ̀, kó sì lọ sọ ẹjọ́ rẹ̀ fún dókítà tó ń wá lọ́jọọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé tó ń pín mílíìkì wo Ìyá Àgbà látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn tí kò ní la ń fún. Ẹni tó ní irú aṣọ yìí á rí mílíìkì rà.”

Báwo ni àgbà yóò ṣe sọ fún ọmọ tó lè bí, lójú gbogbo èrò, pé òun kò ní? Mo fa Ìyá Àgbà láṣọ, mo ní ó wà lára ògiri o. Ó já mi léèékánná lápá. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà, ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́, a sì jáde.

Apá ń ta mí, inú sì ń bí mi. Mo ní nínú ara mi pé bí kò bá fẹ́ gbọ́, kó máa wò ó. Mo yan odì. Ọjọ́ Ẹtì wá, ó lọ, èmi kò sọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo rí i pé Rẹ̀mílẹ́kún ń sunkún tí ohùn kò jáde, ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà pe orúkọ mi. “Dúpẹ́, ó wà nínú ìwé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò nà mí. Ì bá nà mí ni, ó ṣeé ṣe kó sàn fún mi.

Ó padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Akọ̀wé ní kó dúró de dókítà. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, dókítà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi buwọ́ lùwé, wọ́n sì gbé agolo mílíìkì fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣíbí méjì péré ni Rẹ̀mílẹ́kún rí mu. Ní ọjọ́ kejì, mo pọ̀n ọ́n, mo ń kọrin fún un bí mo ti ń kó kòkó tó ti gbẹ nílẹ̀. Ó dákẹ́, inú mi dùn, mo ṣebí oorun ló gbé e lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ìyá Àgbà gbé agolo náà padà sí Odode. Ó ní ọmọ aláìníyàá mìíràn wà tí yóò mu ún. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Dìde, ọmọ mi. Máa ka ìwé ara ògiri rẹ.” Kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú, kò sì fi bú mi rí. Èmi ni mo ń fi bú ara mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Lóde òní, mílíìkì kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ló sì ń kọ́ àgbà ní fóònù. Bí mo bá ṣì í sọ, ọmọ-ọmọ mi á ní, “Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” n kì í sì í bínú. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí opó àti arúgbó tí wọ́n ń kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé wọn. Mo máa ń tẹ̀ lé àwọn ti ìjọ wa lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kò sí fún wọn, èmi á bi í pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, màá sì bi í sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ojú á ti àwọn ọmọ mi. Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ rọra, ẹ má pariwo.” Èmi á tún bi òṣìṣẹ́ náà. Wọn kò mọ bí ọmọ ṣe ń tutù lẹ́yìn ẹni.