Ẹsẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Pákó

Lẹ́yìn tí mo sin ìyàwó mi tán ní Òkè-Ìmẹ̀sí, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjerò. Mo wá ilé títí. Gbogbo onílé tí mo bá ló ń béèrè ìyàwó mi, bí mo bá sì ti sọ fún wọn, wọ́n á ní ẹlòmíràn ti gba yàrá náà.

Ìyá àgbà kan láàárín ìlú ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló fi owó kòkó kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ilẹ̀ òkè kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, pákó ìrókò ni, nínù ọ̀pọ̀ ọdún sì ti mú un dán. Òfin méjì ló fún mi: n kò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ gbé odó gòkè. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé oṣù mẹ́ta, kí òun lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Mo fẹ́ràn yàrá méjèèjì yẹn. Láàárọ̀, oòrùn a máa gba ojú fèrèsé wọlé, a sì na ara rẹ̀ sórí pákó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti ń dá sùn. N kò fẹ́ kí ohunkóhun lé mi kúrò. Nítorí náà, mo ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà àìsàn ìyàwó mi ni mo ti kọ́ ọ. Oorun ṣọ̀wọ́n fún un nígbà náà. Tí ó bá rí i sùn, n kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Pákó a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti mọ ibi tí ó ti ń dún àti ibi tí kì í dún.

Nígbà tí oṣù kẹta fẹ́ pé, màmá onílé pè mí sísàlẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní kí n máa wá ibòmíràn. Mo bi í pé kí ni mo ṣe.

"O ò ṣe nǹkan kan," ni ó wí. "Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Àwọn eku tó wà lókè ulé yìí kí o tó dé, mo máa ń gbọ́ tiwọn."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé pé, nígbà tí àwọn ọmọ òun ṣì wà nílé, ẹsẹ̀ wọn lókè ni òun fi ń mọ̀ pé wọ́n ti jí. Nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn ni òun ṣe gba ayálégbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti dúró nídìí àtẹ̀gùn, tí òun ń rò pé bóyá mo ti kú sókè.

Mo sọ ibi tí mo ti kọ́ ìrìn náà fún un. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan àwọn ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn.

Màmá ní, "Tíṣà, ẹni tó ń sùn ti sùn. O ò lè jí i mọ́. Gòkè lọ, kí o rìn."

Mo gòkè. Mo rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, mo ń fi gìgísẹ̀ tẹ pákó. Ojú ń tì mí, bíi pé ènìyàn ń wò mí. Mo tún padà. Ẹnìkan ti wọlé wá kí màmá nísàlẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹni náà ń béèrè ohun tó ń dún lókè.

"Ayálégbé mi ni," ni màmá dáhùn. "Ó wà ní ulé."