Rúútà Tí A Rà Fún Ilẹ̀kùn Dogarawa

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti já mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, tó sì ya itan rẹ̀, ni mi ò ti lè jókòó sójú kan mọ́. Àwa méjèèjì la jọ ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Kwangila, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Zaria ni wọ́n bí wa sí, Ọ̀fà ni bàbá wa ti wá. Hausa la fi ń nájà, Yorùbá la fi ń bínú.

Rúútà ni àwọn káfíńtà ń pe ẹ̀rọ náà. Iná ló ń yí i, ọ̀bẹ kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀, òun la fi ń gbẹ́ ọnà sí etí pákó. Tiwa kéré, ó sì ti gbó, bẹ́ẹ̀ igi líle la fi ń gbẹ́: ọ̀gánwó, tí àwọn Hausa ń pè ní madachi. Bí ọ̀bẹ bá ti wọnú igi, ẹ̀rọ á máa kérora, igi á máa rùn bí ohun tó ń jó, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi gbogbo ara tì í. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀bẹ há sójú kókó igi, ẹ̀rọ ta sókè, ó jábọ́ lé e nítan.

Ọgbẹ́ jinná, ẹ̀rù ni kò lọ. Láràárọ̀ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, á fi ayùn ọwọ́ rẹ́ igi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ báyìí, á rọra jáde, á lọ dúró lábẹ́ igi dogoyaro tó wà níwájú ọ̀nà títí ariwo á fi dákẹ́.

Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀: ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí tuntun kan ní Dogarawa, tí wọ́n fẹ́ ká gbé kọ́ kí ààwẹ̀ tó dé. Mo pinnu pé a ò ní gbé rúútà lọ́wọ́ mọ́. Mo kan tábìlì kan, mo dá ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ̀rọ wà ní dídè lábẹ́, kí ọ̀bẹ nìkan yọrí sókè, kó jẹ́ pákó la ó máa tì lọ bá a. Ẹ̀rọ tó lágbára tó láti wọ abẹ́ tábìlì yẹn ló kù.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohun tí mò ń wá.

"Ọkọ mi," ó ní, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, "èyí tí kò lágbára fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n yín. Èyí tó lágbára lẹ tún ń wá?"

"Àìlágbára rẹ̀ ló fà á," mo ní. "Ẹ̀rọ tí kò tó iṣẹ́, ipá lèèyàn fi ń tì í. Ipá yẹn ló ń mú un ta."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá.

Ọkùnrin Hausa kan ń ta ẹ̀rọ àlòkù ní Sabon Gari. Rúútà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó fúyẹ́, ó sì dùn ún wò. Èkejì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó wúwo bí ọlọ. Mo wò wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n fún mi gbọ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo ń lọ sílé. N kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo fi yí padà. Ní ọjọ́ kejì mo tún lọ. Tí mo bá ń jẹ tùwó, igbe ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́ létí. Nígbà tó rí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Kai, Malam! Aure za ka yi?" Ó ní ṣé ìyàwó ni mo fẹ́ fẹ́ ni.

Pupa yẹn, ìka lèèyàn gbọ́dọ̀ fi di bọ́tìnnì rẹ̀ mú kó tó ṣiṣẹ́. Ta ni yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì láti máa dì í mú? Ọ̀bẹ tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín nìkan ni ẹnu rẹ̀ sì ń gbà. Dúdú yẹn gba ọ̀bẹ tí ìdí rẹ̀ nípọn bí ìka, bí a bá sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣiṣẹ́ lọ láìdì í mú. Òun ló yẹ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ ohùn yẹn, ṣé kò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi?

Níkẹyìn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ bá mi lọ wò ó. Mo rò pé yóò kọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ bàtà. Ní Sabon Gari, ọkùnrin náà tẹ pupa. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà tẹ dúdú, ariwo gba gbogbo ilé.

"Ẹ pa á," ẹ̀gbọ́n mi ní.

A pa á. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ.

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Ó rìn wá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bó ti ń yí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Kò gbọ̀n," ó ní. "Tiwa máa ń gbọ̀n kó tó ta. Gbé e."

Bí a ṣe rà á nìyẹn. Tábìlì mi kọ́kọ́ tẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀. Mo fi irin gbè é nídìí. Nígbà tí mo ti pákó àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Má gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan! Díẹ̀díẹ̀!" Ọ̀bẹ gba inú madachi kọjá láìjó, láìkérora. Ìgbà tó yá, ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Ó fi igi kékeré ti pákó lọ bá ọ̀bẹ, kò dúró. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó rí i, ó sì dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

A gbé ilẹ̀kùn kọ́ ní Dogarawa kí ààwẹ̀ tó wọlé. Kí a tó débẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá wà nídìí tábìlì, ojú mi kì í kúrò ní ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pa ẹ̀rọ, ó kọjú sí mi.

"Ojú rẹ ń wúwo lára mi. Wá nǹkan ṣe."

Mo mú ìfági, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n fá.