Oúnjẹ Tí Mo Jẹ Kí N Lè Relé

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí a jọ jókòó lórí ẹní kan ṣoṣo kọ́ a, b, d, fi ojú àánú ka èyí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi kàwé, ọwọ́ mi kò sì tíì mọ gègé lò dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n o ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tí ojú mi rí lóko kí n tó padà sáàárín yín, n kò sì lè fẹnu sọ ọ́ lójú rẹ.

Òórùn epo pupa tó ń hó lórí iná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Abúlé kan ni, lápá Ẹ̀gbẹ́dá, ilé bíi mẹ́wàá láàárín ọ̀pẹ, èéfín igi tútù kì í sì í kúrò lójú ọ̀run ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nílùú. Ìyá mi ti kú, bàbá mi wà lójú ogun pẹ̀lú àwọn ọkùnrin yòókù, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ, àwọn tí mo ń pè ní Ìyá. Mo ti gbẹ bí igi ìdáná. Olùkọ́ wa ti sọ fún mi pé bí ara mi bá yá, àyè mi ṣì wà nílé ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo sì gbé dé oko.

Ìyá wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹun, kí o sì máa ṣiṣẹ́, kí ẹran lè bo egungun rẹ. Ọjọ́ tí ara rẹ bá kún ni wàá relé."

Àwa ará oko, ìlú là ń pè nílé. Ìbàdàn nìkan ni ilé. Ibi yòókù, oko ni, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí. Nígbà tí mo gbọ́ "relé," síléètì mi ni mo rí, mo sì rí ìwọ náà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Lẹ́yìn náà, ó di ẹkù, ihò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, tí a ń da ẹyìn sísè sí, tí àwa obìnrin á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúnkún mi gbọ̀n débi pé mo di ejìká ẹlòmíì mú. Lọ́sàn-án, iyán àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, Ìyá á sì fi ẹja kún tèmi. "Ẹ ṣeun, Ìyá," ni mo máa ń wí. Kí oṣù kejì tó pé, mo ń tẹ ẹyìn láìmí hẹlẹ. Oorun ń dùn mọ́ mi, àyà mi kì í já mọ́, èmi tí n kì í lè wo ojú èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gberin. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ olórí wa ní ẹkù pariwo pé, "Ẹ gbà mí o, odi ti ń kọrin!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé inú tí à ń kó oúnjẹ sí náà ni ayọ̀ ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí tẹ̀ lé Ìyá wá sí ẹkù. Epo dé orúnkún mi. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ wọnú ẹkù, ó tẹ apá mi wò, ó wo iṣan ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Áà! Ó kún o. Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá rí i nígbà tó dé! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ̀ ń wò yẹn."

Wọ́n dá ọjọ́ níbẹ̀, lójú mi: bí oṣù tuntun bá yọ, wọn yóò wá gbé mi. Nígbà tí wọ́n lọ, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú epo lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ní n ó relé."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ilé ìwé ni mo rò."

"Ṣé mo purọ́ ni? Ilé ọkọ kì í ṣe ilé? Ibo tún ni obìnrin ń rè?" Wọn kò bínú rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n ti mọ bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Mo ń ka gbogbo "ẹ ṣeun" tí mo ti wí nídìí abọ́, ojú sì ń tì mí. N kò lọ sí ẹkù mọ́. Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri, mo rò pé ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ rèé, èmi gan-an ni ìbànújẹ́ ń bò mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn àwọn ọmọdé ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kẹrin, n kò rántí ojú rẹ mọ́. Mo ń gbọ́ tí Ìyá ń sọ níta pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ebi á bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá arúgbó ẹkù ló wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀.

"Ìwọ odi yìí, ta lo ń bá jà?"

Mo fa aṣọ bo orí.

"Ikùn rẹ kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́. Ṣó o rí àwa tí à ń ru epo lọ sílùú, ọ̀nà ò dára, bí ogun ti rí yìí. A kì í mú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n dání. Ẹni tó bá dúró sinmi, àwọn ajínigbé ló ní in." Wọ́n dìde, wọ́n na ẹ̀yìn. "Jẹ ẹ̀wà rẹ."

Mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà sínú ẹkù, mo tẹ ẹyìn títí òógùn fi wọ ojú mi. Ìbínú náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó kúrò lórí àyà mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ibi tí mo ti lè lò ó. Inú Ìyá dùn. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo ti gbà, wọ́n sì ń bu ẹja tó tóbi jù fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Èmi náà kò purọ́, mo kàn jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dùn mí, nítorí oúnjẹ wọn dára, ọwọ́ wọn sì ni mo fi yè.

Mo kọ́kọ́ rò pé gbogbo ara tí wọ́n fún mi yẹn, tiwọn ni, bí ẹran tí a sìn. Alẹ́ tí oṣù yóò yọ lọ́la rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ ẹ́, èmi ni mo tẹ ẹyìn náà, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ mi kì í sì í ṣe ti ẹlòmíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, mo fọ abọ́, mo gbálẹ̀ iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Ìyá ṣì ń sùn sí. Lẹ́yìn náà mo gbé òṣùká lé orí, ìyá arúgbó bá mi gbé ìkòkò epo wọn rù, mo sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ń ru epo lọ sílùú. N kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí a fi wọ bodè Ìbàdàn.