Aracelly Tascón, Ẹni Tí Kì í Dáhùn Ìkíni Lórí Òkè

Aracelly Tascón Marmolejo ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún; ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọmọ bíbí Roldanillo ni, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà. Bàbá rẹ̀ gé ìrèké títí ó fi darúgbó; ìyá rẹ̀ wá láti El Dovio, níbi tí òtútù kì í ti í jẹ́ kí ẹnu yá. Ibẹ̀ ni a gbà pé àrùn àìdáhùn ìkíni náà ti ràn án.

Ìyẹ́ aláṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tí okùn so mọ́ ìjókòó, ni ó fi ń fò láti orí òkè. Kì í fi ọṣẹ kàn án, kì í sá a sóòrùn, a sì máa fi ìka tọ okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá èyíkéyìí fẹ́ já. Ọkọ rẹ̀ a ní, "Ká ní èmi náà ní okùn lára ni, ì bá ti yẹ̀ mí wò."

Ṣùgbọ́n ìkíni ni ó bà á lórúkọ jẹ́. Bí ó bá ti ń di ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó ìyẹ́ lórí òkè tí a ti ń gbéra, bí àlùfáà ni ó kí i, kò ní í dáhùn. Okùn itan ọ̀tún, ti itan òsì, ti àyà, lẹ́yìn náà akoto: bí ọ̀rọ̀ bá já lu ètò náà, àfi kí ó tú gbogbo rẹ̀, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí èyí dùn jù ni Eneida Lasso, tí ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí ó ki wàràkàṣì sínú tà níbẹ̀. Òun ni ìyá ìrìbọmi Lucero, ọmọ Aracelly. Nítorí náà, "comadre" ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, comadre!"

Aracelly di itan òsì.

"Ẹ wò ó, ó ti di áńgẹ́lì! Áńgẹ́lì kì í kí ẹni tí ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù kìíní ọdún 2014, bí Aracelly ti ń nawọ́ sí okùn itan, Eneida búra pé bí òun kò bá gbọ́ ìdáhùn lọ́jọ́ náà, òun kò ní í dé ibi ìgbéyàwó Lucero. Aracelly yíjú padà.

"Ẹ káàárọ̀ o, comadre mi. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Orúnkún yín ńkọ́? Ọ̀gá ilé ńkọ́?"

Gbogbo òkè pàtẹ́wọ́. Aracelly rẹ́rìn-ín, ó di àyà, ó dé akoto, ó fa okùn. Ìyẹ́ yọ sókè lórí rẹ̀.

"Itan!" Eneida ju ṣíbí nù, ó sáré. "Comadre, itan yín! Ẹ ò tíì di itan!"

Ó gbá a mú níbàdí, àwọn méjèèjì ṣubú sínú koríko, ìyẹ́ sì bò wọ́n. Ká ní ẹsẹ̀ Aracelly kúrò nílẹ̀ ni, inú ìjókòó náà ni ì bá ti yọ̀ jábọ́ sí àfonífojì.

A gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ aṣọ.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń bínú wò yín, kí ni ọwọ́ yín ń ṣe tí n ò mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi mọ́!"

Wọ́n padà fẹnu kò pé kí Aracelly máa kí i kí ó tó fọwọ́ kan okùn rárá. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 2014, níbi tí ó ti ń sáré lọ kí comadre rẹ̀, ó tẹ òróró ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó dànù, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá: egungun àkọ́kọ́ tí ó dá láti ìgbà tí ó ti ń fò.