Lọ́fínńdà Tí Takọtabo Ń Fín

Láti ìgbà tí Sàúdátù ti fẹ́ Àrówólò, òórùn kan ṣoṣo ló mọ̀ mọ́ ọn: òórùn ọ́ìlì ọkọ̀. Abossey Okai, nílùú Accra, ni ọkùnrin náà ti ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù, ọṣẹ sì ni Sàúdátù ń tà ní Mamobi, síbẹ̀ kò sí ọṣẹ kan tó bó ọ́ìlì náà tán lára ọkọ rẹ̀.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Àrówólò wọlé tí òórùn mìíràn ṣíwájú rẹ̀. Ó jọ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sínú oòrùn, kànáfùrù díẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára. Nígbà tí Sàúdátù bi í, ó ní lọ́fínńdà lásán ni, òun rà á lọ́jà Okaishie. Sàúdátù bu oúnjẹ fún un, ó sì ń rò ó lọ́kàn. Ọkùnrin tí kò fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí ta ló ṣe wá ń fín in?

Kò pẹ́ sí i, ó gbé wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni Táyọ̀, obìnrin tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọlé wá wá ṣéńjì. Òórùn igi náà bá a wọlé, tòun ti kànáfùrù rẹ̀.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Sàúdátù rù. Kò fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń rẹ́rìn-ín sórí fóònù nínú ọkọ̀ akérò tòròtòrò, ọkàn rẹ̀ a sọ fún un pé Àrówólò ló wà lódìkejì.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé, Sàúdátù gbé ìgò lọ́fínńdà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá Ṣàfíù, ẹ̀yin àti Táyọ̀ lẹ jọ ń fín in. Ẹ má purọ́ fún mi.”

Àrówólò búra pé kò sí nǹkan kan láàárín àwọn. Táyọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, òórùn náà wu òun, òun sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Táyọ̀ ló sọ fún òun pé takọtabo ló ń fín in.

“Ó ti sú mi kí n máa rùn bí ẹ́ńjìnnì,” ni ó wí.

Sàúdátù gbà á gbọ́, nítorí ó mọ ojú rẹ̀ bó bá ń purọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ta á ju irọ́ lọ. Obìnrin mìíràn kọjá, imú ọkọ òun sì tẹ̀ lé e. Ìbúra wo ló lè pa ìyẹn rẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó fín lọ́fínńdà náà sí ọrùn, ó fín in sétí ìbòrí rẹ̀, ó gba Abossey Okai lọ láìgbé oúnjẹ kankan dání. Lára tirẹ̀, igi náà fà sẹ́yìn, adùn kan bí wàrà gbígbóná jáde. Àrówólò tó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì gbórí sókè kó tó kí i. Táyọ̀ náà yọjú.

“Àǹtí, ó bá yín lára mu jù mí lọ,” ó ní.

Sàúdátù dúpẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sàúdátù tún padà lọ síbẹ̀, òórùn òdòdó ló ń jáde lára Táyọ̀, kì í ṣe ti igi náà mọ́.

Ìgò kan ni tọkọtaya náà ń lò báyìí, Sàúdátù ló sì ń rà á. Ṣùgbọ́n bó bá dé Abossey Okai, a kọ́kọ́ yà kí Táyọ̀, a sún mọ́ ọn dáadáa, a sì fa imú.