Òyìnbó Tó Wá Bá Wa ní Ouando

Ọjọ́ Ìsinmi ni. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá wa ti bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó àbúrò mi sì wà lẹ́yìnkùlé tó ń din ẹja. Èmi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wò, nítorí tíṣà ni mí, èdè Faransé ni mo ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí ọjà Ouando, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí bodè Nàìjíríà. Táàsì kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo "Yovó! Yovó!" bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá rí òyìnbó.

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Màdáàmù yìí ń wá dókítà. Mo fi fọ́tò tó wà nínú fóònù rẹ̀ han àwọn tó ń ta tòmátì lẹ́nu ọjà, gbogbo wọn ló ní ibí ni."

Kò yà mí lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan ní Sèmè-Kpodji, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo ará ọjà ń pè é. Ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń wá a. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó máa ń kó oògùn wá fún ilé ìwòsàn wọn ni.

Obìnrin náà wọlé. Kò lè ju ẹgbẹ́ ìyá wa lọ. Irun rẹ̀ ti funfun, ó gé e mọ́lẹ̀, oòrùn sì ti pa imú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa pẹ̀lú ìnira ẹni tí orúnkún ń dùn, ó ní, "Ẹ káàsán o, Màmá." Yorùbá ni o. Ohùn ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ wọ́.

Ìyá wa gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ni ó ń wò. "Ta nì yí?"

Mo fi Faransé bi í. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ tíṣà. Ó máa ń sọ nípa yín." Ó ní àìsàn bàbá wa dun òun gan-an kó tó kú, pé òun ì bá wá síbi ìsìnkú, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ó gbójú sókè wo òrùlé, ó bi mí bóyá òjò kò wọlé mọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń da ìyá wa láàmú. Gbogbo ohun tí ọmọ ilé nìkan lè mọ̀ ló ń kà sílẹ̀ fún mi níbẹ̀.

Àbúrò mi jáde láti balùwẹ̀, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì ń rìn lọ bá a. Àbúrò mi, tí kò mọ ohunkóhun, kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí: "Ẹ káàsán, Màdáàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Obìnrin náà dúró gbagidi. Ó ní, "Tún ọ̀rọ̀ sọ."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohùn rẹ kọ́ nìyí," ni ó wí. Ó jókòó sórí àga ìyá wa, ó sì fi Faransé sọ ẹni tí àbúrò mi jẹ́ fún òun.

Ìyàwó àbúrò mi ti gbọ́ ariwo, ó jáde wá pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń din ẹja lọ́wọ́, oyún rẹ̀ sì ti yọ síwájú nígbà náà. Kò gbọ́ Faransé púpọ̀. Ó bi mí pé, "Táńtí, kí ló ní?" Ìyá wa náà ní, "Kí ló wí?" Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu mi. Iṣẹ́ tí mo ń jẹun lórí rẹ̀ ni kí n túmọ̀ Faransé fún ẹni tí kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi bo ọ̀rọ̀. Mi ò rí i. Mo ní, "Ó ní àfẹ́sọ́nà òun ni ọkọ ẹ."

Ìyàwó àbúrò mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ń fi hàn wá. Àbúrò mi nìyí nínú aṣọ iṣẹ́. Àbúrò mi nìyí létí òkun. Àbúrò mi rèé níbi ìsìnkú bàbá wa, ó di àpótí mú, ojú rẹ̀ wú. Kò sí fọ́tò kan níbẹ̀ tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò fi sórí Fesibúùkù. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni a kò rí. Wọ́n ti gé e kúrò nínú gbogbo rẹ̀ dáadáa, èjìká rẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀kan.

"Mi ò mọ ẹni yìí rí," ni àbúrò mi ń wí, ó sọ ọ́ ní Faransé, ó tún un sọ ní Yorùbá. "Màmá, mo fi orúkọ bàbá wa búra, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Obìnrin náà wá tẹ nǹkan kan. Ohùn kan jáde láti inú fóònù: "Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún wa. Oore tí o ṣe fún wa kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ lófìfo. Wàá dàgbà, wàá dogbó, o ò ní í rí ìbànújẹ́ ọmọ." Ó ní òun máa ń gbọ́ ọ tí òun kò bá rí oorun sùn. Òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún òun pé ìyá ọkọ òun ló ń súre fún òun.

Ìyá wa ní, "Èmi nìyẹn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò ṣòro fún wa mọ́ láti mọ̀. Ọmọkùnrin kan tí bàbá wa kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá wa, bí ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tó ti wà ní ilé ìwé, nítorí oko ni bàbá rẹ̀ ń dá ní apá Akpro-Missérété. Ó kàwé gboyè ní yunifásítì. Kò ríṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà tí à ń pè ní sẹ́mì kiri ìlú fún ìgbà díẹ̀, ó ta bẹntiróòlù inú ìgò létí títì bí ìdajì ìlú yìí ti ń ṣe, títí Nàìjíríà fi ti bodè, tí wọ́n sì tún ṣí i, tí owó epo lọ́hùn-ún sì ga débi pé kò sí èrè níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun ti rí òyìnbó kan tí òun ń ṣiṣẹ́ fún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ló ra páànù tí a fi tún òrùlé ṣe. Òun ló gbé púpọ̀ nínú ìnáwó ìsìnkú bàbá wa. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù sẹ́nu ìyá wa, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣàdúrà fún ọ̀gá mi." Ìyá wa sì ṣe é tọkàntọkàn. A mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà ní ìlú tí wọ́n ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ òyìnbó, àwọn tí à ń pè ní gáímáànù níbí, tí wọ́n ń pè ní ọmọ yàhúù lódìkejì bodè. Ọmọ ilé ẹlòmíràn ni a máa ń rò pé wọ́n jẹ́.

Ọmọ náà ti jáde lọ ra búrẹ́dì láti àárọ̀. Bí a ti jókòó bẹ́ẹ̀, a gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ilé o! Ta ló gbé táàsì wá?"

Obìnrin náà yí ọrùn padà kí ọmọ náà tó yọ. Ó pe orúkọ. Orúkọ àbúrò mi ló pè, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá wa kékeré ló dáhùn. Ó dúró níbẹ̀, àpò búrẹ́dì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo rò pé yóò sá. Kò sá. Ó ní, "O wá." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti ń retí ẹnìkan láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ti ń bẹ̀rù pé yóò dé. Títí dòní, tí mo bá rántí bó ti sọ ọ́, n kì í mọ̀ bóyá àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí tàbí ìbínú.

Àbúrò mi fò mọ́ ọn. Ó gbá a létí, ó tún gbá a, ó ń sọ pé, "Ojú mi! Ojú mi lo gbé tà!" Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Èmi àti dírẹ́bà la là wọ́n. Àbúrò mi ní kí n pe ọlọ́pàá, ó ní tí n kò bá pè wọ́n òun á pè wọ́n, òfin tuntun ti wà fún irú wọn. Mo bi obìnrin náà. Ó ní rárá. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kí òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, àwọn méjì péré.

Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí kànga. A ń wò wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹja jóná lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó dìde. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Nígbà kan ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, obìnrin náà pẹ̀lú, n kò sì mọ ohun tí ó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin náà dìde, ó sì gbọn aṣọ rẹ̀.

Ó padà wá bá ìyá wa. Inú báàgì rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà, tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó dè é mọ́ ìyá wa lápá, ó ń fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kí n lè túmọ̀. Ìyá wa ní, "Sọ fún un pé mi ò mọ̀. Sọ fún un pé àdúrà yẹn, láti inú mi ló ti wá, bí mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí mo ń ṣe é fún." Mo sọ ọ́. Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi, ìyàwó àbúrò mi kò wò ó. Táàsì gbé e lọ.

Bàbá wa kékeré dé láti oko ní ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé yóò na ọmọ rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ jalè láàárín àwa àti wọn? Létí òkun yìí ni wọ́n ti kó ènìyàn wa. Títí dòní, ọkọ̀ ńlá ńlá wọn ń kó ẹja lọ lójú àwọn apẹja Sèmè. Ọmọ mi gba díẹ̀ padà, ni gbogbo yín wá ń sunkún?"

Ìyá wa ní, "Ṣé obìnrin tó jókòó sórí àga mi ló kó wa? Ó kúnlẹ̀ kí mi."

"Àwọn baba rẹ̀ ni."

"Tó bá jẹ́ ti àwọn baba ni, àwa Àgùdà tí à ń jẹ́ orúkọ Potogí yìí ńkọ́? Wọ́n kó àwọn baba wa lọ sí Bùràsíìlì, wọ́n padà dé, àwọn kan nínú wọn sì tún jókòó síbí, wọ́n ń ta ènìyàn. Ta ni kí n lọ bá gba tèmi?"

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá wa kékeré kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ kan dìde ní kíláàsì mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fún un ní èsì tó gún régé ní Faransé, pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í fọ ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ọmọ bàbá wa kékeré kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì ní ọ̀sẹ̀ tí òyìnbó náà wá. Àbúrò mi pa ojú ewé Fesibúùkù rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí ń bú u láti ìlú tí kò dé rí. Ó ti ń kó ìwé jọ láti lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, wọ́n kọ̀ ọ́, wọn kò sì sọ ìdí. Ó lè má ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kọ̀. Òun gbà pé ó ní í ṣe. Ìyàwó rẹ̀ lọ bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó padà, nígbà tó sì padà, ó máa ń béèrè ẹni tó pe ọkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí fóònù bá dún.

Ọmọ bàbá wa kékeré padà wá sí ìlú lẹ́yìn ọdún bí mélòó kan, wọ́n sì mú un pẹ̀lú àwọn kan nínú ilé kan tí wọ́n yá, lórí ọ̀ràn mìíràn, obìnrin mìíràn. Ó wà lẹ́wọ̀n báyìí. Àbúrò mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìyá wa ló ń se oúnjẹ, èmi ni mo ń gbé e lọ.

Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó ti rù. Ó jẹun díẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ó pè?" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ló ń bi mí.

Mo ní ó pe Màmá ní ọdún tuntun, pé èmi ni mo túmọ̀.

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Rárá."

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó da omi ọbẹ̀ tó kù sínú ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì bi mí bóyá wọ́n ti ṣe títì tuntun tó kọjá níwájú ilé wa tán. Mo ní wọn kò tíì ṣe é tán.